Ọkùnrin Tó Fẹ́ Ran Ọlọ́run Lọ́wọ́

Ẹsẹ̀ méjì ni Ọlọ́rundáre kọ́kọ́ rí. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí ọmọbìnrin kan rù bò ó láti orí dé orúnkún, àfi bíi pé igbó ló dìde tó ń rìn bọ̀ lọ́nà oko Ajue, tó sì ń kọrin ìyìn. Nígbà tó sọ ẹrù kalẹ̀, ojú tó yọ lábẹ́ ewé náà mú kí Dáre gbàgbé ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú òkìtì kòkó títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọ nù síbẹ̀?"

"N kò sọ nǹkan nù. Mò ń wò ó bóyá ó ti gbóná."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti wò ó láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ọmọbìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o!"

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni Dáre ní oríta Ore. Bí nǹkan bá bàjẹ́, yóò tú u, yóò rí ibi tó ti bàjẹ́, yóò sì tún un ṣe. Bàbá rẹ̀ ló kú ní ọdún tí a gba òmìnira, tó fi oko kékeré sílẹ̀ fún un ní Ajue. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin tó ń yẹ kòkó wò ti fi ọ̀bẹ la kòkó rẹ̀, tó mi orí, tó kọ̀ ọ́.

Joanna ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá, alàgbà Ilé Àdúrà. Òun ló là á yé e lọ́jọ́ náà. "Omi dídùn ara rẹ̀ ló ń mú ooru wá. Ooru yẹn ló ń wọ inú kóró, tó ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, tó ń fún un ní òórùn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i, ooru ń sá lọ. Ẹ bò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ yí i padà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ tún yí i. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ sá a sóòrùn."

"Kí ni kí n máa wá ṣe láàárín?"

"Ẹ máa lọ sílé."

Wọ́n gba kòkó Dáre lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n kò yéé gun kẹ̀kẹ́ wá sí Ajue ní gbogbo Sátidé, kòkó wà o, kòkó ò sí o. Joanna a ní, "Ẹ tún ti wá wo aláìsàn?" Dáre a ní, "Èmi gan-an ni àìsàn ń ṣe, olólùfẹ́ mi." Ọmọbìnrin náà a dorí kodò, a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó sọ fún Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá pé òun fẹ́ fi Joanna ṣaya, àgbà náà ní, "Tíṣà kan láti Odigbo náà ń bèèrè rẹ̀. A ó fi ọjọ́ mọ́kànlélógún gbàdúrà. Má ṣe wá, má ṣe ránṣẹ́. Ohun tí Ọlọ́run bá fi han Ìyá Magdalene, a ó gbà á."

Ìyá Magdalene ni aríran ìjọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Dáre lè fara dà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó gbé páálí àbẹ́là àti agolo kẹrosíìnì kan lọ sílé ìyá náà. "Ìyá, bẹ́ ẹ bá ń ríran, ẹ jọ̀wọ́, orúkọ mi ni Ọlọ́rundáre."

Ìyá wò ó títí. "Ọmọ mi, ṣé Ọlọ́run kò mọ orúkọ rẹ ni?" Ó gbé ẹrù náà padà fún un, ó sì sọ fún Bàbá. Ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Bàbá dá àdúrà náà dúró.

Joanna dúró dè é lójú ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín.

"N ó bẹ Bàbá," ni Dáre ń sọ. "N ó rán àwọn ẹbí mi. N ó lọ bá tíṣà yẹn…"

"Bọ̀ọ̀dá Dáre, ẹ sinmi ná. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, kí lẹ rò pé màá sọ?"

Dáre kò tíì rò ó rí pé wọ́n lè bi Joanna fúnra rẹ̀.

"Ẹ ò fọkàn tán Ọlọ́run, ẹ ò sì fọkàn tán èmi náà." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Dáre kúnlẹ̀. Àdúrà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń dà bí ìgbà tí ọ̀gá ń pín iṣẹ́ fún ọmọṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn ní, "Olúwa, mo fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá jẹ́ tíṣà lo yàn fún un, kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa." Ó dùn ún débi pé ó sunkún, ṣùgbọ́n ó sùn.

Kò lọ sí Ajue mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, Bàbá fúnra rẹ̀ fa kẹ̀kẹ́ dé ìsọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà wọ́. Dáre dọ̀bálẹ̀, ó dojú kẹ̀kẹ́ náà délẹ̀, ó ń dẹ irin kan nínú ẹsẹ̀ náà, ó ń fún èkejì, títí ẹsẹ̀ náà fi ń yí láìmì. Bàbá ń retí ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò wá.

"Ṣé o ò ní nǹkan sọ ni?"

"Mo ní, sà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run, n kò sì fẹ́ máa rán an létí mọ́."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀. "Ó dáa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó tún àdúrà náà bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé. Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Magdalene dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀. "N kò rí nǹkan kan," ló wí.

Gbogbo ìjọ yíjú wo Dáre.

"Bí Ọlọ́run kò bá sọ̀rọ̀," ni Bàbá wí, "ta ni èmi tí n ó sọ̀rọ̀?"

"Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló bá sọ ọ́," ni ìyá náà fèsì. "Ẹ bi ọmọ yín."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Joanna?"

"Mo gbàdúrà, Bàbá. Ọkàn mi balẹ̀. Ọlọ́rundáre ni mo fẹ́."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Nígbà náà, kí Olúwa so yín pọ̀." Gbogbo ìjọ ké halelúyà.

Níta, lábẹ́ igi ìyeyè, Joanna bi í pé, "Ẹ̀rù bà yín nígbà tí Ìyá ní àwọn ò rí nǹkan kan?"

"Ó bà mí gan-an."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó lé wọn, kí n má baà tún ran Ọlọ́run lọ́wọ́."

Joanna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ síwájú.

"Ẹ kó wọn wá," ló wí. "Wọ́n á ti kú tipiri."