Ọ̀dà Tó Ṣẹ́kù Lára Táǹkì

Orí àkàbà ni Mojírádé, tíṣà ìṣirò, ti kọ́kọ́ rí Bánkọ́lé, lẹ́bàá táǹkì omi tuntun tí ìjọ wọn kọ́ sí Ìkẹ́rẹ́. Táǹkì náà rí bí àgbá ńlá tí wọ́n gbé ìlàjì bọ́ọ̀lù lé lórí. Ọ̀dà funfun ti bo ìdajì ojú ọkùnrin tó ń kùn ún, síbẹ̀ orin ló ń kọ. Ẹ̀rín pa Mojírádé.

"Aǹtí tíṣà, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o!" Bánkọ́lé ké láti òkè. "Ṣé omi máa dé inú orí roboto yìí, àbí ẹwà lásán ni?"

"Á dé ibẹ̀. Inú kan náà ni wọ́n jọ ní. Tìsàlẹ̀ àti tòkè la máa rò pọ̀."

"Ẹ̀kọ́ yìí mà dùn o. Ẹ ṣì máa wá kọ́ mi lọ́la?"

Mojírádé wá lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ kẹta. Kò pẹ́ tí "Aǹtí tíṣà" fi di "Adúmáradán mi," tí wọ́n sì ń múra mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Bàbá Mojírádé, Alàgbà Ajíbọ́lá, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣírò ọ̀dà tí ìjọ rà. Bánkọ́lé kun táǹkì tán, ó sì gbé ọ̀dà tó ṣẹ́kù padà fún ìjọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tí alàgbà ṣe! Lẹ́yìn ìsìn, lójú gbogbo ayé, ó nàka sí ọmọ ọlọ́mọ.

"Ìṣirò mi kì í yẹ̀. Omi lo fi la ọ̀dà yìí, ló ṣe ṣẹ́kù! N kò ní í fọmọ fún oníjìbìtì."

Kí ló dé? Olè wo ló ń gbé ẹrù padà fún olóhun? Bánkọ́lé jáde. Inú bí Mojírádé gidi.

"Dádì, báwo lẹ ṣe ṣírò ọ̀dà yẹn?" ló bi í nílé, kó tó jókòó.

"Mo ṣírò àgbá, tòkè tìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ṣírò orí rẹ̀, tòun tìdí rẹ̀. Mo rò wọ́n pọ̀. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ni?"

Mojírádé la ọsàn sí méjì, ó gbé ìdajì dé orí agolo mílíìkì. "Ẹ fọwọ́ pa á yíká. Ṣé ọwọ́ yín dé ibi tí ọsàn ti jókòó lé agolo? Ta ló máa kun ibẹ̀? Ta ló máa kun abẹ́ àgbá tó wà nílẹ̀? Inú la máa ń rò pọ̀ lódidi, Dádì. Tó bá di ti ara, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, ṣe là ń yọ ọ́!"

Alàgbà gbé ọsàn náà kúrò lórí agolo, ó wo abẹ́ rẹ̀. "Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní èyí," ó sọ wẹ́lẹ́.

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ sì ba ọkọ mi lórúkọ jẹ́."

"Ránṣẹ́ pè é wá sí ulé."

Bánkọ́lé wá, ṣùgbọ́n kò jókòó. "Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ bẹ̀ mí. Ìta gbangba lẹ ti fi mí ṣolè. Ẹ má bẹ̀ mí ní pálọ̀."

"Òótọ́ ló sọ," ni Mojírádé wí, ó sì lọ dúró tì í.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, alàgbà bọ́ síwájú ìjọ. "Èmi ni mo ṣírò, èmi ni mo ṣì í. Ọmọ yìí kò la ọ̀dà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ló bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Bánkọ́lé sáré gbá a mú. "Èèwọ̀, bàbá!" Òun fúnra rẹ̀ ló na gbalaja sílẹ̀. "Ọmọ yín ni mo ń tọrọ."

"Mo yọ̀ǹda. Bi òun náà."

Gbogbo ìjọ yíjú sí Mojírádé. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà: "Mo gbà, olówó orí mi. Kí gbogbo wọn gbọ́."