Káàdì tí Mùíbì Tà

"Ó tún ti ya wèrè!"

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìnmí lu tábìlì. Lójú mọnítọ̀, ilà pupa àti ilà aláwọ̀ ewé ń sáré wọ ara wọn bí aṣọ tí ọmọdé hun. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ mọ́, kò gbà mọ́.

Ọdún 1998 nìyẹn, ní Iléṣà, nígbà tí èèyàn ṣì ń bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá kọ̀ǹpútà, tí òórùn kòkó tí wọ́n sá sétí títì sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìnmí. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní kọ̀ǹpútà. Tómisìn, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan nínú wọn, ni bàbá náà fa kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lé lọ́wọ́.

Mùíbì tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà l'Óṣogbo ló ta káàdì tuntun tó ń gbé àwòrán sójú mọnítọ̀ fún wọn. Ìgbà kẹta rèé tó ń wọkọ̀ wá nítorí rẹ̀. Ó ti fi rọ́bà nu etí káàdì náà, ó ti gbé e sí ihò mìíràn, ó ti yí fáànù sí i. Ó tiẹ̀ gbé e padà lọ s'Óṣogbo, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ geere.

"Bàbá, káàdì yìí ò lárùn kankan. Ọlọ́hun ń gbọ́."

"Má pe Ọlọ́run sí i, Mùíbì. Káàdì mi àtijọ́ ṣiṣẹ́ títí dọjọ́ tá a yọ ọ́. Tìrẹ wọlé, wàhálà dé. Àbí kọ̀ǹpútà mi ló kórìíra ará Òṣogbo?"

Tómisìn ń wo ilẹ̀. Ó mọ ohun tó fà á.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Tóbilọ́ba tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì mú ìwé ìròyìn kan wá. "Wọ́n ní tá a bá ṣí jọ́ńpà kan nípò nínú kọ̀ǹpútà, á máa sáré ju bí wọ́n ṣe dá a lọ. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́?" Jọ́ńpà náà kò ju hóró àgbàdo lọ, ìdérí kékeré kan tí wọ́n fi bo irin tín-ín-rín méjì. Tómisìn ṣí i. Géèmù tó ń wọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó ní òun á dá a padà lọ́la. Ọ̀la ò dé. Káàdì àtijọ́ fara da eré àsápajúdé yẹn. Èyí tuntun ò lè fara dà á.

"Mo ti kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìnmí wí, "sí ọ̀gá ilé-ìwé Ìbòkun tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kó ṣọ́ra."

Mùíbì ò pariwo. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì lóṣòó síwájú ẹ̀rọ náà.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Bàbá, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lẹ máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi sanwó. Èmi náà lóṣòó lónìí. N ò ní dìde títí ẹ̀rọ yìí yóò fi sòótọ́ fún mi."

"Òṣómàáló ọmọ Òṣogbo!" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. "Bórúnkún bá ń dùn ọ́, pè mí."

Ó wá ku àwọn méjèèjì. Wọ́n pe ìrun Àílà ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí. Mùíbì wo aago, kò dìde. Òógùn bo ọrùn rẹ̀.

"Àbúrò, o ò tíì jẹun," ló wí. "Lọ jẹun, jàre. Ọ̀rọ̀ yìí ò kàn ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún Tómisìn lọ́kàn ju èébú lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Mùíbì, ẹ dìde. Èmi ló yẹ kẹ́ ẹ lóṣòó tì."

Ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná yọ jọ́ńpà náà, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà. Àwòrán yọ kedere, kò sí ilà, kò sí gbígbọ̀n. Mùíbì wò ó, ó wo ọmọbìnrin náà.

Nígbà tí Bàbá wọlé, Tómisìn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo mọ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́."

"Látọjọ́ àkọ́kọ́? O ń wò ó tó ń wọkọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá na ọwọ́. Tómisìn fi kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó náà ṣí fìlà lórí, ó kọjú sí Mùíbì: "Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n mú Tómisìn lọ s'Íbòkun, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó. Ọ̀gá ilé-ìwé náà gbọ́ ọ dópin. "O ṣeun tó o sòótọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí lẹ́tà dé la ti lọ bá ẹlòmíràn. Wọ́n ti kó kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dé."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, òun náà ló ń purọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tètè sọ̀rọ̀. Ohun tí irọ́ bá fọ́ lójú ọ̀nà kí òótọ́ tó lé e bá, ta ni yóò tún un mọ?