Onílé Jókòó Síbi Tó Ń Jò

Abọ́ ni Aránṣọ gbé sórí lọ́jọ́ tí Káfíńtà kọ́kọ́ rí i. Òjò ń rọ̀, òrùlé ń jò tó, tó, tó sínú abọ́ náà. Ọmọbìnrin náà mú ọrùn dúró ṣinṣin bí ẹni tó dé adé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ máṣíìnì lọ ràìràì. Ká ní èmi ìyá arúgbó yìí ni, omi ì bá ti wọ̀ mí láyà, ìdí bàǹtà-banta yìí ì bá sì ti fọ́ àga.

"Bọ̀dá, ṣé abọ́ lẹ fẹ́ rà ni?"

"Bí wọ́n bá ń tà á pọ̀ mọ́ orí tó gbé e, mo ti rà á."

Ẹ̀rín pa Aránṣọ, abọ́ yẹ̀, omi dà sí i lára. Káfíńtà sáré na aṣọ ìnujú rẹ̀ sí i. Ojú kan ojú, ọkùnrin náà sì gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Iṣẹ́ wo? Ìwé ni wọ́n fi rán an. Onílé ní láti oṣù tó ń bọ̀, owó ilé ti di ìlọ́po méjì fún yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kó palẹ̀ ẹrù mọ́.

"Kí ni onílé yìí jẹ́ sí yín?"

"Bàbá mi ni."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Aránṣọ. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé abọ́ mi ti kún."

Káfíńtà bẹ bàbá rẹ̀ títí, bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ló bá gbé àkàbà àti ìṣó, ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sán láti dí ihò òrùlé. Aránṣọ a di àkàbà mú.

"Dì í dáadáa o, adé mi."

"Bó o bá já bọ́, abọ́ wà nílẹ̀ tí màá fi kó ẹ."

Ìfẹ́ wọn jinlẹ̀, ṣùgbọ́n páànù ti jẹrà. Bó ti ń dí ihò kan ni méjì ń yọjú, oṣù sì ń parí lọ.

"Fẹ́ mi," ni Káfíńtà wí. "Ilé tiwa kò jò."

"Kí n wá sùn síbi gbígbẹ, kí ìyá mi àti yàrá márùn-ún yòókù máa lúwẹ̀ẹ́? Mo fẹ́ràn rẹ dé mùdùnmúdùn eegun. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ bá fẹ́ kí n di ọmọ àwọn, kí wọ́n wá tọrọ mi níbi tí mò ń gbé."

Onílé yínmú nígbà tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì ti ní bí kì í bá ṣe Aránṣọ, òun ò fẹ́ ẹnì kankan. Bàbá wọ aṣọ funfun báláú, ó tẹ̀ lé Káfíńtà wá. Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí kò tíì wọ yàrá kankan nínú ilé náà. Agbowó-ilé ló máa ń rán.

Àga kan ṣoṣo ló wà. Ìyá Aránṣọ fi í jókòó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Òjò dé. Tó! Sórí fìlà. Onílé sún. Tó! Sórí imú.

"Ẹ má bínú, sà," ni ìyá wí, "kò síbi tẹ́ ẹ máa sún sí tí kò ní bá yín."

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ fún un. "Bàbá, ẹ gbé e sórí. Ó máa ń gbà mí."

Onílé wo abọ́, ó wo bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ọ̀rá bò, ó wo ìyá tí omi ń kán sí léjìká tó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé abọ́ sórí.

"Ọdún mélòó lẹ ti ń ṣe báyìí?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Háà! Òjò ni mo ti ń tà fún yín!"

Aránṣọ yọ ìwé kan jáde. Gbogbo ayálégbé ti fọwọ́ sí i: kí wọ́n pààrọ̀ páànù, kí owó ilé dúró níbi tó wà fún ọdún mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má sì fi kún un lẹ́yìn náà láìjẹ́ pé onílé àti ayálégbé jọ jókòó sọ ọ́.

"Ẹ̀bùn tí mo fẹ́ nìyí, Bàbá. Mi ò fẹ́ òmíràn."

"Bí mi ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Ẹ gbé abọ́ yẹn lọ, kí ọmọ yín lè máa fi rántí mi."

Káfíńtà lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aránṣọ. "Ẹ fún èmi náà lábọ́. Ibi tó bá ń gbé ni mò ń gbé."

Èjìká onílé bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Omi abọ́ dà sí i lọ́rùn, ó sì fọwọ́ síwèé.

"Ọmọ tó láyà láti gbé abọ́ lé mi lórí," ló wí, "bí mo bá jẹ́ kó lọ, orí mi ò pé."

Ariwo ayọ̀ sọ nínú yàrá márùn-ún yòókù. Gbogbo wọn ló ti lẹ etí mọ́ ògiri.

Káfíńtà kan páànù tuntun tán kí oṣù tó yí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òjò dé bí ẹni tí wọ́n pè. Aránṣọ gbójú sókè wo òrùlé. Kò gbọ́ "tó" kan ṣoṣo.

"Abọ́ wa dà, adé mi?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Bàbá ti gbà á. Wọ́n ti fi í kọ́ sára ògiri pálọ̀ wọn, kí wọ́n má baà gbàgbé."