Ta Ló Gba Oko Lọ́wọ́ Ìgbín?

"Ọlọ́kọ̀ ni! Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ọlọ́kọ̀ ni!"

Aláago ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ àkàbà. Òun ló máa ń lu agogo ilé ìwé, ohùn rẹ̀ sì le ju agogo náà lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Òun náà ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán. Lórí àkàbà, ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Atawéwé di búrọ́ọ̀ṣì mú gírígírí, ọ̀dà dúdú sì ń kán sílẹ̀ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì náà. Ó ti kọ ÌGBÍN sára ògiri. Ọ̀rọ̀ kejì ló dá ìjà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá àgbà kan tó máa ń kọ ìwé ọmọdé ń bọ̀ wá ṣí yàrá ìkàwé tuntun ilé ìwé wọn. Ìwé rẹ̀ kan wà tí kò sí ọmọ tí kò kà á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé, ìwé ìgbín kan tó ní ìkarahun roboto. Ọ̀gá ilé ìwé wá ní kí ẹgbẹ́ ayàwòrán ya ìgbín náà sára ògiri, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìwé náà gàdàgbà sókè rẹ̀. Atawéwé ni wọ́n yàn pé kó kọ lẹ́tà. Bàbá rẹ̀ ló ń kọ pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù, ọwọ́ ọmọ sì jọ ọwọ́ bàbá.

Ká sọ tòótọ́, Atawéwé pàápàá gbà tẹ́lẹ̀ pé Ìgbín Ọlọ́kọ̀ lorúkọ ìwé náà. Ìrọ̀lẹ́ àná ló wá ìwé tirẹ̀ jáde nínú páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó lè wo bí ìwo ìgbín náà ṣe rí. Ó nu eruku ojú rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó fi àkísà tútù nù ún, ó rò pé ìdọ̀tí ló bo àwọn àmì abẹ́ lẹ́tà. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. ÌGBÍN OLÓKO ni wọ́n kọ.

Bàbá rẹ̀ wọlé, ó ń fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà kúrò lọ́wọ́.

"Kí lo ń wò bí ẹni tó rí iwin?"

"Bàbá, kí lorúkọ ìwé ìgbín tí ẹ máa ń kà fún mi?"

"Ìgbín Ọlọ́kọ̀ ni. Ṣé kì í ṣe èmi náà ni mo máa ń fun fèrè ọkọ̀ páàmù-páàmù, tí o kò fi ní sùn mọ́?"

"Ẹ wò ó o."

Bàbá wò ó. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ìwé náà bí ẹni ń yẹ owó wò. "Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀," ló sọ níkẹyìn.

"Ta ló wá pààrọ̀ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Bàbá?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìgbín ń roko. Ìgbín ń kọ ebè. Ìgbín ń ṣọ́ irúgbìn rẹ̀ kí ẹyẹ má ṣà á jẹ. Ojú ewé kan péré ni àwọn èèrà ti gun ẹ̀yìn ìgbín, tí ìkarahun rẹ̀ sì rí bíi táyà. Ojú ewé yẹn nìkan ni gbogbo wọn gbé dàgbà.

"Kí ni kí n ṣe báyìí?" Atawéwé béèrè.

"Ohun tí oníbàárà bá ní kí n kọ ni èmi ń kọ, ọmọ mi. Tí wọ́n bá fẹ́ ọkọ̀, fún wọn lọ́kọ̀, kí o máa bá tìrẹ lọ."

"Oníbàárà ló ni pátákó tiẹ̀, Bàbá. Ta ló ni ìwé yìí?"

Bàbá gba ìwé náà, ó tún orúkọ rẹ̀ kà.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Aláago ń pariwo nísàlẹ̀ àkàbà, Atawéwé fa ìwé náà yọ, ó nà án sí i. "Gbà, kà á."

Aláago gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi èékánná ha á. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ṣé ẹ ò mọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni? Ẹni tó mọ àmì í kọ, ṣé kò ní mọ̀ ọ́n pa rẹ́? Wọ́n ti yí i nílé!"

"Wọ́n ti yí i!" làwọn yòókù gbè é.

Ara Atawéwé gbóná fòò. Ká bú òun, kò burú. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ tí kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ! Ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí àga kan náà, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Jọ̀ọ́, kọ Ọlọ́kọ̀ kí ọ̀rọ̀ tán. Ìwọ náà mà lo sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Ọlọ́kọ̀ ni."

"Mo sọ ọ́. Tí mo bá dijú báyìí, Ọlọ́kọ̀ náà ni mò ń rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá lajú, ohun mìíràn ló wà níbẹ̀. Èwo ni kí n fi kọ̀wé, ojú tó dì ni àbí èyí tó là?"

"Ẹ jẹ́ ká dìbò!" Aláago ké. "Ẹni tó bá mọ̀ pé Ọlọ́kọ̀ ni, kó nawọ́!"

Ọwọ́ lọ sókè yàà. Ti Ẹlẹ́rìn-ín ló lọ sókè kẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí ojú òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe mẹ́rin.

"Ta ló ní Olóko ni?"

Ọwọ́ kan ṣoṣo, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì.

Aláago wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń tù ú bí ẹni ń tu ọmọ. "Atawéwé, ẹni tó bá kọ lẹ́tà ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà nínú fọ́tò. Òun ni yóò gbé ẹ̀bùn fún wọn. Ṣé o fẹ́ tìtorí àmì abẹ́ lẹ́tà sọ ìyẹn nù?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde ìbẹ̀wò yìí ló ti ń dánrawò bí yóò ṣe kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà. Ó wo ògiri. Ó wo ìwé. Ó wá ki búrọ́ọ̀ṣì bọ Aláago lọ́wọ́.

"Gbà, fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Ọwọ́ tèmi ò ní kọ ọ́."

Aláago kọ ọ́ lóòótọ́. Lẹ́tà rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó ti ilé ọtí bọ̀, ṣùgbọ́n àmì abẹ́ rẹ̀ tóbi, wọ́n sì dúdú dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi, tí gbogbo àgbàlá kún, Atawéwé gbé agolo ọ̀dà funfun dé. Kò yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó gun àkàbà lójú gbogbo wọn, ó sì ń pa àwọn àmì náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àmì ohùn tó wà lórí O tó kẹ́yìn. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé ti dúró sísàlẹ̀.

"Ta ló rán ọ gun orí ibẹ̀?"

"Ìwé ni, sà."

Ó fi ìwé náà hàn án. Ọ̀gá wo ẹ̀yìn rẹ̀ fìrí, kò ṣí i. "Àṣìtẹ̀ lèyí. Èmi fúnra mi ra ìwé yìí fún àwọn ọmọ mi. Ìgbín Ọlọ́kọ̀ ni."

"Ẹ dákun, ẹ ṣí inú rẹ̀ wò, sà."

"Ṣé ìwọ ń bá mi jiyàn ni?"

"Rárá, sà. Ìwé ló ń bá yín jiyàn."

Àwọn ọmọ fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá sọ pé Atawéwé kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lọ́jọ́ Ẹtì mọ́. Ẹ̀yìn yàrá ìkàwé ni yóò máa gbá nígbà tí àlejò bá dé. Aláago gun àkàbà padà, ó sì tún àwọn àmì náà tẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá Atawéwé jókòó jẹun. Tó bá kọjá, wọ́n á máa ké "Páàmù! Páàmù!" tẹ̀lé e. Kò sáré, kò sì forí balẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ìyá àgbà náà dé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ jígí nínípọn, tó sì ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rìn dé iwájú ògiri, ó dúró. Ó fi ìka kan abẹ́ lẹ́tà, níbi tí ọ̀dà funfun ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbín yìí rẹwà. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹnìkan bá yín jà lórí ògiri yìí. Ta ni?"

Ọ̀gá wú ikọ́. Aláago, tí ohùn rẹ̀ kì í wọ́n, ń wo bàtà rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ló dáhùn. "Ó wà lẹ́yìn, mà. Ó ń gbálẹ̀."

Wọ́n pè é. Atawéwé jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo pa àwọn àmì yìí rẹ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ìwọ nìkan lo rántí pé Olóko ni?"

Ì bá rọrùn fún un láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. "Rárá, mà. Ọlọ́kọ̀ ni mo rántí bíi tiwọn. Mo kàn wo ìwé ni."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ibi tí mo bá dé, Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n fi ń kí mi. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò tún un ṣe mọ́. Ẹ gbọ́ o. Ìyá mi ni mo kọ ìwé yẹn fún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, wọ́n sì sọ fún un pé ẹni tó ń wọ́ kò lè dá oko. Ó dá a. Oko yẹn ló fi tọ́ wa. Nígbà tí ẹ fún ìgbín lọ́kọ̀, ẹ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì tọrọ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Wíwọ́ tó ń wọ́ náà ló fi débẹ̀."

Aláago bọ́ síwájú láàrin ẹgbẹ́.

"Ó dá mi lójú ni, mà," Aláago sọ pẹ̀lẹ́. "Mo lè búra nígbà yẹn."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Irọ́ tí a mọ̀ pé irọ́ ni kì í ṣòro láti fi sílẹ̀. Èyí tó dá wa lójú ló ń nira."

Ọ̀gá ilé ìwé súnmọ́ Atawéwé. "Ìyà rẹ ṣì dúró, nítorí o kò gba àṣẹ kí o tó gun àkàbà. Ṣùgbọ́n èmi náà sọ̀rọ̀ láìṣí ìwé wò. Má bínú."

"Ẹ ṣeun, sà. Màá gbá a tán. Ṣùgbọ́n Aláago ni kó pa àmì yẹn rẹ́. Èmi ti ṣe tèmi. Ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa bàbá mi. Kó kó o jẹ níbí, lójú gbogbo èèyàn."

Aláago sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́.

"A ò gbọ́!" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Ṣé agogo ti fọ́ ni?"

Ó gbé ohùn sókè. "Bàbá Atawéwé kò yí nǹkan kan. Mo purọ́ mọ́ ọn." Lẹ́yìn ìyẹn ló gba agolo ọ̀dà funfun. Ẹlẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ ti lọ wá ìgbálẹ̀ kejì, ó sì dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Atawéwé wò ó títí, kó tó fi ẹnu tọ́ka sí apá ibi tí pàǹtírí pọ̀ sí. "Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀hún."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nígbà tí wọ́n nawọ́ sókè lọ́jọ́ ìdìbò yẹn. Ìrántí wọn ló tàn wọ́n, tí wọ́n sì ń tan ara wọn. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá jọ rántí nǹkan, ìyẹn kò sọ ọ́ di òtítọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó búra. Bí ẹ bá sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, tó dá yín lójú, ẹ dúró tì í, bó tilẹ̀ ku ọwọ́ yín nìkan lókè.