Orin Tí Bàbá Kọ fún Ìyá Wa

Ohùn tó jáde nínú rédíò kì í ṣe ti bàbá wa. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan ló ń sáré sọ̀rọ̀ lórí ìlù tó ń dún gbì-gbì, irú orin ráàpù táwọn ọmọkùnrin kíláàsì àbúrò mi máa ń kọ kiri. Ìyá wa jókòó sórí ẹní pẹ̀lú gèlè lórí, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Wọ́n rò pé mo ṣi kásẹ́ẹ̀tì mú ni.

"Tèmi ni mo ní kí o fi sí i, Bilqis," ni wọ́n wí.

Mo yọ ọ́, mo wo ara rẹ̀. Ọwọ́ bàbá wa ló kọ "Àdìjátù" síbẹ̀, orúkọ ìyá wa. Mo fi òmíràn sí i, ráàpù. Mo tún fi òmíràn sí i, ráàpù náà ni. Nígbà náà ni mo gbójú sókè wo Abdulafeez, àbúrò mi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò lè wọlé, tí kò sì lè sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àbúrò mi pa rẹ́ fún yín. Mọ̀núrù ni bàbá wa ń jẹ́, olórin wéré ni wọ́n. Lójoojúmọ́ ààwẹ̀, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn a máa kọrin yí gbogbo Ẹnu-Ọ̀wá, àdúgbò wa, ká láti jí àwọn èèyàn sí sààrì. Ó ti di ọdún kejì tí wọ́n kú. Ohùn wọn tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù fún wa, àpótí kan gbáko. Èyí tí ìyá wa fẹ́ràn jù ni orin tí bàbá wa kọ fún wọn ní pálọ̀ wa, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Abdulafeez jòjòló ti ilé ìwòsàn dé. Ìbímọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn. Bàbá wa tẹ rédíò kó máa gba ohùn sílẹ̀, wọ́n kọrin, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyá àti ọmọ, kò sì sí àlejò kankan níbẹ̀.

Bùrọ̀dá Ṣàíbù, àbúrò bàbá wa, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmàgbò tí wọ́n ti ń gba orin sí kásẹ́ẹ̀tì fún èèyàn. Ní ọdún 1999 yìí, wọ́n ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, wọ́n sì fara balẹ̀ da gbogbo orin bàbá wa sínú rẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwọn kásẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wọ́n tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki dísíkẹ́ẹ̀tì ìta, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó nǹkan sí, bọ kọ̀ǹpútà náà.

Abdulafeez máa ń bá wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé. Túnjí, ọmọ kíláàsì rẹ̀, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní DJ, orí rẹ̀ sì wú. Wọ́n ní kó bá wọn gba ráàpù. Dípò kó ní kí wọ́n mú kásẹ́ẹ̀tì tiwọn wá, ó lọ sídìí àpótí bàbá wa. Ó ní ṣebí orin náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó gba ráàpù lé ọ̀kan, ó gbà á lé èkejì, títí àpótí fi tán; bí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, á dá a padà síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Bùrọ̀dá Ṣàíbù ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, Túnjí gbé géèmù kan dé nínú dísíkẹ́ẹ̀tì. "Guy, àbí ẹ̀rù bùrọ̀dá ẹ ń bà ẹ́ ni? Put am jàre." Abdulafeez sì kì í bọ kọ̀ǹpútà.

Fáírọ́ọ̀sì wà nínú géèmù náà, ìyẹn àìsàn tó ń jẹ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí oníṣẹ́ fi máa tú u wò, kò ku orin kankan níbẹ̀. A fi ara wa lọ́kàn balẹ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Abdulafeez ń gbọ́ wa, kò sì sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí ìyá wa tẹ́ ẹní, kí wọ́n wé gèlè, kí wọ́n jókòó dè é.

Mo gbá a létí. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo tún gbá a.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá wa wí. Wọ́n yíjú sí i. "Èwo ló ṣẹ́kù nínú wọn?"

"Kò sí, Màámi."

Bùrọ̀dá Ṣàíbù ò nà án nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n wò ó títí ojú fi tì mí bá a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Gbogbo ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi bá kì nínú orin ló máa ń wá gba apá tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wà nílé wọn. Ìwọ lo máa kan ilẹ̀kùn wọn, ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe. Bilqis á tẹ̀lé ẹ, kí o má baà bu iyọ̀ sí i."

Ilé Alhaja Morufat, aládùúgbò wa, la kọ́kọ́ dé. Abdulafeez dọ̀bálẹ̀, ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́.

"Tún un sọ, etí mi ò gbọ́ ọ dáadáa," ni Alhaja wí. Wọ́n kúkú ti gbọ́ ọ. Ó tún un sọ, ni wọ́n bá pòṣé. "Ìwọ ọmọ Mọ̀núrù yìí náà? Orí ẹ pé ṣá?"

Wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì wọn jáde. Ibi tí orúkọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni orin ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí orúkọ wọn sì parí sí ló gé sí.

"Ìyókù ńkọ́ mà?" ni mo bi wọ́n.

"Ìyókù wo? Tiwa ni mo gbà. Kí ni kí n fi ti àwọn aládùúgbò ṣe?"

Bó ṣe rí nìyẹn nílé gbogbo. Ní Ìdúmàgbò, a dé ọ̀dọ̀ Bàbá Jóṣúà, ará Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, ṣùgbọ́n bàbá wa kì wọ́n lọ́dún tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wéré láṣọ. "Mo máa ń gbọ́ ọ tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé," ni wọ́n wí. "Pásítọ̀ wa ò gbọdọ̀ gbọ́ o." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá wo àbúrò mi. "Ohùn bàbá ẹ lo gba ráàpù lé. O láyà." Ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu.

Túnjí tó kó géèmù wá kò bá wa dé ilé kankan. Ó ti rí DJ mìíràn.

Bùrọ̀dá Ṣàíbù tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n sì ń so àwọn orin tí a gbà jọ pọ̀, ilé kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni ń rán aṣọ tó ya. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé ọ̀kan fún Alhaja Morufat, wọ́n mú ọ̀kan wá bá wa. Ohùn bàbá wa kún pálọ̀. Ìyá wa sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín níbi tí bàbá wa ti ń fi Alhaja ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, ẹ̀rọ sì dákẹ́.

"Tèmi ńkọ́?" ni wọ́n bèèrè.

Bùrọ̀dá Ṣàíbù ní kò sí ẹlòmíràn tí bàbá wa kì nínú ìyẹn, kò sẹ́ni tó wá gbà á.

"Gbogbo ilé ló tọ́jú tirẹ̀," ni ìyá wa wí. "Tiwa dà?"

Abdulafeez dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màámi, ẹ̀yin náà mọ orin yẹn. Ẹ kọ ọ́, màá gbà á sílẹ̀."

"Kì í ṣe ohùn ara mi ni mo fẹ́ gbọ́," ni wọ́n sọ. Wọ́n tún ìró ró, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Àwọn èèyàn ń bẹ̀ mí pé kí n dárí jì í. Mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń ka ìtàn yìí. Ká ní ó jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tó ba kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jẹ́ ni, orin ìyá wa ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, à bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ yìn ín, ó sì bẹ̀rù ìbáwí, ìyá wa ló wá san án. Ẹ má fi ohun tí kò ní èkejì wá ojúure ọ̀rẹ́. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe.