Àyè Kọkànlá

Akóhùnpamọ́ kọ̀, kò gba ìyá Fadérera wọlé. "Àyè kò sí," ni ẹ̀rọ náà ń wí ṣáá.

Ní Àtìpó, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá, ẹ̀rọ yìí ló ń tọ́jú ohùn àwọn tó ti kú. Kóbọ́ọ̀lù, èdè ẹ̀rọ ayé àtijọ́, ni wọ́n fi kọ ọ́. Èdè náà kì í gbàgbé nǹkan, àmọ́ ó lágídí: kí o tó tẹ́ àtẹ nínú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ sọ iye àyè tí yóò wà níbẹ̀. Àwọn àgbà tẹ́ àtẹ sínú àtẹ: àdúgbò, agbo ilé nínú àdúgbò, ènìyàn mẹ́wàá nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá ti bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń fún un ní àyè tirẹ̀ de ọjọ́ ikú. Baálé ló ni àyè kìn-ín-ní. Kò sógiri láàárín wọn. Ibi tí ilé kan parí sí ni ilé kejì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kí ohùn ṣìnà wọ ilé onílé.

Ìyá Fadérera kò dé òṣùpá rí. Ìsẹ́yìn ló kú sí, ọkọ̀ sì gbé ohùn rẹ̀ dé nínú ègé ẹ̀rọ kékeré kan tó ti ń bàjẹ́ lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe Fadérera ní Àníkẹ́, àárò orúkọ yẹn sì ń sọ ọ́ gan-an.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sún ẹ̀ṣọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ló bẹ Bàbá Lábọ̀dé, olórí ìgbìmọ̀ ìlú àti baálé ilé kejì sí tiwọn. "Ẹnì kan péré ni."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Fadérera. Dúró ká tẹ́ àtẹ tuntun."

"Ìgbà wo nìyẹn? Ohùn ìyá mi ń kú lọ, Bàbá!"

Bí Bàbá Lábọ̀dé ti jáde ni Fadérera sún ẹ̀ṣọ́, tó sì gbé ohùn ìyá rẹ̀ wọlé. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó mọ̀ pé àyè kọkànlá nílé tiwọn yóò bọ́ sórí àyè kìn-ín-ní nílé Bàbá Lábọ̀dé. Àyè baálé sì nìyẹn, baálé ọ̀hún wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń bá gbogbo ìlú ṣawuyewuye. Kí ni yóò wà níbẹ̀ bí kò ṣe òfìfo?

"Àníkẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?" ni ìyá rẹ̀ wí. Fadérera sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Lábọ̀dé wá kí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, bó ti máa ń ṣe. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

"Àníkẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?"

Fadérera sáré sún mọ́ ọn. "Bàbá, ṣé àyè tiyín lẹ tẹ̀ yẹn?"

"Tèmi ni. Ìgbà tí ìyàwó mi fi máa dé òṣùpá, ilé wa ti kún. Mo bá fi àyè mi fún un." Ó tún fọwọ́ kàn án, ó tún gbọ́ ohùn àjèjì. Wọn kì í pa ohùn mọ́ síbi méjì. Èyí tí òmíràn bá ti bò mọ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Àyè tìrẹ ńkọ́, ọmọ mi?"

Àyè Fadérera, ìkẹwàá nílé wọn, ṣófo gbalasa láti ọjọ́ tó ti bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀. Kò rántí rárá pé òun lè fi fún ìyá òun.

Nínú ilé onílé, ìyá rẹ̀ tún ń bi í bóyá ó ti jẹun.