Ẹ̀rí Tí Múyìwá Kò Fẹ́ Jẹ́

"Ṣé bọ̀ọ̀dá ẹ máa jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, àbí irọ́ lo ń pa?" Patience, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú kọ́áyà, ló ń bi Olúfúnlọ́lá bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Bury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "Àbí kì í ṣe sójà gidi ni wọ́n?"

Inú bí Olúfúnlọ́lá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó ti pé oṣù méjì tí wọ́n ti dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Múyìwá, sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, lẹ́yìn tó ti ogun Afghanistan dé. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn gbàgà nínú ilé wọn ní Blackley, ṣe ni yóò fò dìde. Ó sì ti bẹ ìyá wọn pé, "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè mí síwájú ìjọ. Ẹ jẹ́ n sinmi ná."

Olúfúnlọ́lá gbọ́. Etí rẹ̀ méjèèjì ló fi gbọ́. Síbẹ̀, ó ní, "Wọ́n máa jẹ́ ẹ, o máa rí i!" Ẹyin lohùn. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìdánrawò kọ́áyà, ó kọ orúkọ Múyìwá sínú ìwé àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pe Múyìwá. Ìjọ hó yèè. Ó dìde, ó gba máìkì, ó lanu. Òógùn bò ó.

"Anthony, ọ̀rẹ́ mi lójú ogun..." Ó dúró. "Wọ́n dá èmi sílẹ̀. Òun ò padà wálé."

Ó gbé máìkì sílẹ̀, ó jáde.

Olúfúnlọ́lá sáré bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Orí bẹ́ǹṣì kan ni Múyìwá jókòó sí.

"Mọ́mì ló fi orúkọ mi sílẹ̀," ni Múyìwá wí. "Mo ń kó ẹrù mi jáde nílé lónìí."

Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Bó bá dákẹ́, ìyá ló máa jẹ̀bi. Bó bá sọ̀rọ̀, òun ni. Ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kì í ṣe Mọ́mì. Èmi ni. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo bá kọ orúkọ yín. Ẹ dárí jì mí."

Múyìwá ò wò ó.

"O ṣẹ̀ mí, Fúnlọ́lá. Dìde nílẹ̀, ó tutù. Jókòó síbí. Ṣùgbọ́n má bi mí ní nǹkan kan."

Ó jókòó tì í, kò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí ìyá wọn jáde wá, Múyìwá fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tójú rí lójú ogun, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Ẹ má fi ìrora ẹlòmíràn ṣe fáàrí. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè jẹ́wọ́.